Bí ẹ ṣe lè jọ kọ́ ayé 3D kan náà láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láìpa iṣẹ́ ara yín rẹ́

Ẹni méjì ń jọ ṣe ayé 3D kan nínú Godot, ètò tí wọ́n fi ń ṣe eré orí kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan ń kọ́ ilé, èkejì ń to ìmọ́lẹ̀. Zip ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp: aye_final.zip, aye_final2.zip, aye_final2_tuntun.zip. Nígbà tó yá, ilẹ̀kùn tí ẹni àkọ́kọ́ fara balẹ̀ gbẹ́ pòórá, torí pé zip tí èkejì fi ránṣẹ́ kẹ́yìn ò ní i nínú. Ni wọ́n bá ń dá íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́bi. Íntánẹ́ẹ̀tì ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ọwọ́ méjì ló wà lórí fáìlì kan ṣoṣo, kò sì sí ohun tó sọ fún èkejì pé ẹnìkan ti dì í mú. Gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí, ọ̀nà tí ọwọ́ méjì ò fi ní pàdé lórí fáìlì kan ni.

Godot 4 àti Blender (ètò tí wọ́n fi ń gbẹ́ nǹkan 3D) ni mo fi ṣàlàyé, torí ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ẹni tó ń lo Unity tàbí Unreal lè mú ìgbésẹ̀ kejì àti ìkarùn-ún lò, kó kàn fi orúkọ fáìlì àti fódà tirẹ̀ rọ́pò.

Ohun tí ẹ nílò

- Godot 4, ẹ̀yà kan náà lórí kọ̀ǹpútà méjèèjì, dé nọ́ńbà tó kẹ́yìn pàápàá. Tí ẹnìkan bá fi ẹ̀yà tuntun ṣí iṣẹ́ náà tó sì fi pamọ́, ẹni tí tirẹ̀ ti pẹ́ lè má rí i ṣí mọ́.
- Blender, ẹ̀yà kan náà pẹ̀lú. Fáìlì tí Blender tuntun fi pamọ́ lè ṣí nínú ti àtijọ́, kí àwọn nǹkan kan sì ti sọnù nínú rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.
- Git àti Git LFS. Git ló ń kọ ìtàn iṣẹ́ yín sílẹ̀: commit ni kí ẹ fi àyípadà sínú ìtàn náà, push ni kí ẹ gbé e lọ sórí ayélujára, pull ni kí ẹ gba èyí tó jẹ́ tuntun wá, clone ni kí ẹ gba gbogbo rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. LFS ló ń bójú tó fáìlì ńlá: ó ń fi àkọsílẹ̀ kékeré kan sínú ìtàn iṣẹ́, ó sì ń kó fáìlì gidi sí ibi ọ̀tọ̀.
- Àkáǹtì lórí GitHub tàbí GitLab, ibi tí iṣẹ́ Git ń gbé lórí ayélujára. Ẹ wo iye ààyè LFS tí wọ́n fún yín àti iye tí ẹ lè gbà sílẹ̀ lóṣooṣù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. GitHub kì í gba fáìlì tó bá ju 100 MiB lọ láìsí LFS.
- Ààyè tó pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. LFS máa ń tọ́jú ẹ̀dà kan sínú fódà .git, nítorí náà fáìlì ńlá kọ̀ọ̀kan ń gba ààyè ìlọ́po méjì.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ fẹnu kò lórí ìwọ̀n àti orúkọ

Ìwọ̀n kò le: ẹyọ kan nínú Blender jẹ́ mítà kan, bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú Godot. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òkè Blender ni Z, òkè Godot ni Y, ṣùgbọ́n glTF (irú fáìlì, .glb, tí ẹ ó fi gbé nǹkan láti Blender lọ sí Godot) máa ń yí i padà fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń gbé e jáde. Ẹ má ṣe fọwọ́ yí nǹkan kan kí ẹ lè "tún un ṣe".

Orúkọ fáìlì ni wàhálà wà. Lẹ́tà kékeré nìkan, láìsí ààyè láàárín, láìsí àmì ohùn. Lójú Windows, Ilekun.glb àti ilekun.glb kò yàtọ̀ síra. Lójú Linux, fáìlì méjì ni wọ́n. Godot fúnra rẹ̀ máa ń fi ìyàtọ̀ sí wọn lẹ́yìn tí ẹ bá ti di eré náà sínú PCK (fáìlì tí Godot ń kó eré tó parí sí), nítorí náà ohun tó ṣiṣẹ́ dáadáa lórí kọ̀ǹpútà yín lè kọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fi ṣeré.

Ní ti àmì, mo mọ̀ pé ó ń dun èèyàn láti kọ ilekun dípò ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà lè tọ́jú lẹ́tà ẹ gẹ́gẹ́ bí àmì kan ṣoṣo, ó sì lè tọ́jú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí e tí wọ́n fi àmì ìsàlẹ̀ kún. Ojú ò lè mọ ìyàtọ̀ wọn, kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n. Tí ọ̀kan bá ń lo Mac tí èkejì ń lo Windows, ẹ lè rí fáìlì méjì tí orúkọ wọn jọra pátápátá, tí Godot sì ń kígbe pé òun ò rí èyí tí òun ń wá. Ẹ fi àmì sí orúkọ node (nǹkan kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ayé náà) àti ọ̀rọ̀ tó ń hàn lójú eré bó ṣe wù yín. Orúkọ fáìlì nìkan ni kó wà láìlámì.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ jọ kọ orúkọ fáìlì mẹ́wàá tí ẹ máa lò sílẹ̀, kí èkejì kà á padà lórí fóònù láìwo ìwé. Tó bá ní láti béèrè pé "lẹ́tà ńlá ni àbí kékeré?", òfin yín ò tíì yé e.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ṣètò ibi ìpamọ́ kí àwòrán kan tó wọlé

Ẹnìkan ṣoṣo ló máa ṣe èyí. Nígbà tí ẹ bá ń ṣẹ̀dá iṣẹ́ tuntun nínú Godot, ẹ mú Git níbi Version Control Metadata, yóò sì bá yín kọ .gitignore tó ti yọ fódà .godot/ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, nínú fódà iṣẹ́:

```
git init
git lfs install
git lfs track "*.blend" --lockable
git lfs track "*.png"
git lfs track "*.glb"
git lfs track "*.exr"
git lfs track "*.wav"
git add .gitattributes .gitignore
git commit -m "Ìpìlẹ̀"
```

Ẹ má yọ àmì "" kúrò. Láìsí i, kọ̀ǹpútà lè fi orúkọ àwọn fáìlì tó wà nílẹ̀ lásìkò yẹn rọ́pò *.blend, àwọn tó bá dé lẹ́yìn náà ò sì ní sí nínú ètò. Ẹ fi `*.blend1` kún .gitignore, torí ẹ̀dà àtijọ́ tí Blender ń tọ́jú ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe fódà `orisun` fún gbogbo .blend, kí ẹ sì fi fáìlì òfìfo kan tó ń jẹ́ `.gdignore` sínú rẹ̀. Godot ò ní wo fódà náà mọ́. Òótọ́ ni pé Godot lè ka .blend tààrà, àmọ́ Blender tó wà lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ló ń lò láti fi ṣe é, ohun tí ẹnìkan bá rí lè yàtọ̀ sí ti ẹnìkejì. Fún ẹni méjì tí ò sí nínú yàrá kan náà, mi ò gbà á níyànjú.

*Ẹ ṣọ́ra:* ọ̀pọ̀ máa ń rí fáìlì tó parí sí .import àti .uid lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán wọn, wọ́n á rò pé pàǹtírí ni, wọ́n á fi wọ́n sínú .gitignore. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Inú .import ni Godot kọ ọ̀nà tó gbà mú àwòrán náà wọlé sí; .uid, tó bẹ̀rẹ̀ ní Godot 4.4, ló fi ń dá script àti shader mọ̀ kódà tí ẹ bá gbé wọn kúrò níbi tí wọ́n wà. Méjèèjì gbọ́dọ̀ bá iṣẹ́ rìn. Fódà .godot/ nìkan ni Godot lè tún kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Tí ẹ bá ti fi fáìlì ńlá sínú commit kí ẹ tó rántí LFS, àṣẹ track nìkan ò ní gbé èyí tó ti wà nínú ìtàn kúrò. `git lfs migrate import --include="*.blend"` ló máa gbé e, ṣùgbọ́n ìtàn iṣẹ́ ló ń tún kọ látòkèdélẹ̀, ẹni kejì sì gbọ́dọ̀ pa fódà tirẹ̀ rẹ́ kó tún clone. Ẹ ṣe é ní ọjọ́ kìíní tàbí kí ẹ jọ fohùn ṣọ̀kan kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* fi .blend kan sínú commit, push, kí ẹni kejì clone. Kó tẹ `git lfs ls-files`. Orúkọ fáìlì náà gbọ́dọ̀ jáde. Kó wá wo ìwọ̀n rẹ̀. Tó bá jẹ́ báìtì bí àádóje péré, tí ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ sì jẹ́ `version https://git-lfs.github.com/spec/v1`, àkọsílẹ̀ ló gbà, kò gba fáìlì gidi. `git lfs install` lẹ́yìn náà `git lfs pull` ni oògùn rẹ̀. Ẹni tó bá lọ tẹ Download ZIP lórí GitHub dípò kó clone sábà máa ń bọ́ sínú ọ̀fìn yìí gan-an.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ gé ayé náà sí wẹ́wẹ́

Ibi tí iṣẹ́ ti ń yọrí tàbí kó dàrú nìyí. Gbogbo ètò Git tó wà láyé ò lè gba ẹni méjì tí wọ́n kó gbogbo nǹkan sínú scene kan (fáìlì .tscn tí Godot ń kó node sí) sílẹ̀.

Scene àgbà, ẹ jẹ́ ká pè é ní aye.tscn, kò gbọdọ̀ ní nǹkan kan nínú ju àwọn scene ọmọ lọ: ile.tscn, igbo.tscn, imole.tscn, kamera.tscn. Instantiate Child Scene ni ẹ máa fi mú wọn wọlé. Scene ọmọ kọ̀ọ̀kan ní olúwa kan ṣoṣo. Ẹni tó ni ile.tscn nìkan ló ń ṣí i. Tí èkejì bá rí ohun tí kò dáa níbẹ̀, kó sọ ọ́, kó má fọwọ́ kàn án.

Àwọn kan máa sọ pé ìwé lásán ni .tscn, Git sì lè da ìwé méjì pọ̀. Òótọ́ ni, lọ́jọ́ tó bá wù ú. Inú .tscn kún fún nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí àwọn ìlà ibòmíràn ń tọ́ka sí. Tí ẹni méjì bá fi nǹkan kún un lẹ́ẹ̀kan náà, Git lè dà á pọ̀ láìráhùn, kí ohun tó dà pọ̀ sì má ṣí nínú Godot. Ó tún lè ṣí, kí igi kan sì wà níbi tí ẹnikẹ́ni ò gbé e sí. Èyí tó ṣí yẹn ló burú jù, torí ó lè pẹ́ kí ẹ tó mọ̀.

Ibi mẹ́ta ni àwọn èèyàn ti ń ṣubú níbi yìí.

Àkọ́kọ́ ni Editable Children. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lórí ile nínú aye.tscn kí ẹ lè sún fèrèsé kan díẹ̀, inú aye.tscn ni àtúnṣe náà wọ̀, kò wọ ile.tscn. Olúwa ile ò ní rí i nínú fáìlì tirẹ̀. Tó bá wá yí orúkọ fèrèsé náà padà, àtúnṣe yín á so mọ́ node tí kò sí mọ́. Ẹ má lò ó rárá nínú scene àgbà.

Èkejì ni material (àwọ̀ àti ìrísí ara nǹkan). Material tí ẹ ṣẹ̀dá nínú Inspector ń gbé inú scene tí ẹ ti ṣẹ̀dá rẹ̀. Ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan pamọ́ sí fáìlì .tres tirẹ̀, nínú fódà kan tí àwọn méjèèjì mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Environment: ojú ọ̀run, ìkùukùu àti glow kó wà nínú ayika.tres, kí ẹni tó ń to ìmọ́lẹ̀ lè ṣiṣẹ́ tirẹ̀ láìdé scene àgbà.

Ẹ̀kẹta, mesh (ara nǹkan 3D) tí ẹ ṣe nínú Godot fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ nínú .tscn, ó di ẹgbẹẹgbẹ̀rún nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni ò lè kà, fáìlì náà á wú bíi búrẹ́dì. Ẹ fi pamọ́ lọ́tọ̀ sí .res, kí ẹ sì fi *.res kún LFS.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ṣí ile.tscn, sún nǹkan kan, fi pamọ́, kí o wá tẹ `git status`. Orúkọ ile.tscn nìkan ló yẹ kó jáde. Tí aye.tscn bá wà níbẹ̀, ibi tí kò yẹ lo ti ṣiṣẹ́. `git restore aye.tscn` yóò dá a padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Láti Blender sí Godot

Yan ohun tí o fẹ́ gbé jáde, tẹ Ctrl+A, kí o mú Rotation & Scale. Tí o bá fo èyí, nǹkan náà lè dára lójú nínú Blender kó sì dé Godot pẹ̀lú ìwọ̀n 0.37, ẹni tó fẹ́ fi physics sí i ni yóò jìyà rẹ̀. Gbé e jáde gẹ́gẹ́ bíi glTF Binary, orúkọ kan náà ní gbogbo ìgbà, fódà kan náà (awoko ni mo pè é nísàlẹ̀). Ohun tó bá ní -col lẹ́yìn orúkọ rẹ̀ nínú Blender, Godot yóò ṣe collision fún un fúnra rẹ̀.

Má ṣe tún nǹkan ṣe nínú .glb tó wọlé. Fi bọ́tìnì ọ̀tún mouse tẹ̀ ẹ́ nínú FileSystem, kí o mú New Inherited Scene, kí o sì fi èyí pamọ́ sí .tscn. Nígbà tí ẹni tó ni .blend bá tún un gbé jáde, mesh tuntun á wọlé, ohun tí o fi kún un lórí á ṣì wà. Òfin kan ló so mọ́ ọn: orúkọ object nínú Blender ò gbọdọ̀ yí padà láìsọ fún ẹnìkejì.

Tí ògiri bá wú síta níbi tó yẹ kó wọnú, ó lè jẹ́ pé normal map (àwòrán tó ń mú kí ojú nǹkan dà bí ẹni pé ó ní kòtò àti gegele) tí ẹnìkan gbà sílẹ̀ jẹ́ ti DirectX ni. Ti OpenGL ni Godot ń lò. Nínú Import dock, ẹ tan Normal Map Invert Y. Inú .import ló máa kọ ọ́ sí, ó sì máa dé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* kúùbù tí Blender máa ń ṣí pẹ̀lú jẹ́ mítà 2 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. CapsuleMesh Godot náà ga ní mítà 2. Gbé kúùbù náà jáde láìfọwọ́ kàn án, fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí orí wọn ò bá dọ́gba, ètò ìgbéjáde ẹnìkan ti yàtọ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Iṣẹ́ ojoojúmọ́

Ẹ máa ṣe é bó ṣe tò yìí:

```
git pull
git lfs locks
git lfs lock orisun/ilekun.blend
```

Ẹ ṣiṣẹ́. Ẹ fi pamọ́, ẹ gbé .glb jáde. Lẹ́yìn náà:

```
git add orisun/ilekun.blend awoko/ilekun.glb
git commit -m "Ìlẹ̀kùn: mo fi ìdè irin kún un"
git push
git lfs unlock orisun/ilekun.blend
```

`git lfs locks` ń fi hàn yín ẹni tó di fáìlì wo mú. Torí pé ẹ fi --lockable sí .blend, kíkà nìkan ni wọ́n máa wà fún títí ẹ ó fi tì wọ́n. Ẹ lè ṣí i nínú Blender láìtì í, ẹ ó sì gbàgbé, ìgbà tí ẹ bá fẹ́ fi pamọ́ ni Blender máa kọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe nígbà náà ni kí wọ́n tẹ Save As, kí wọ́n pè é ní ilekun2.blend, bẹ́ẹ̀ ni ẹ padà sídìí final2. Ẹ má pa Blender dé. Ẹ lọ ti fáìlì náà láti terminal, ẹ padà wá, ẹ fi pamọ́. Tí ẹnìkejì bá sì ti tì í, ohun tí ẹ ṣe yẹn gbọ́dọ̀ dúró dè é.

*Ẹ ṣọ́ra:* unlock kì í ṣáájú push. Tí ẹ bá ṣí i kí iṣẹ́ yín tó gòkè, ẹnìkejì á ti ẹ̀dà àtijọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ, ẹ̀pa ò ní bóró mọ́.

Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá push, Git lè sọ pé òun rí locking lórí server, kó sì fún yín ní ìlà kan tó ní locksverify nínú. Ẹ daakọ ìlà náà, ẹ tẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà náà lọ, Git lórí kọ̀ǹpútà yẹn ò ní gbà kí ẹ push fáìlì tí ẹlòmíràn tì. Àwọn kan máa ń fojú fo ìlà yìí bíi pé ìkìlọ̀ lásán ni, tí títì náà á sì di ohun ọ̀ṣọ́.

Tí ẹnìkan bá ti fáìlì tó sì lọ sùn, `git lfs unlock --force` wà. Ẹ pè é kí ẹ tó lò ó. Iṣẹ́ tí kò tíì push wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ohun kan tún kù: kí ẹ tó pull, ẹ fi gbogbo scene tó wà ní ṣíṣí pamọ́, kí ẹ sì commit. Tí Godot bá sọ lẹ́yìn pull pé fáìlì ti yí padà lórí disk, ẹ mú Reload. Ẹni tó bá mú kí òun fi tòun bò ó ti pa iṣẹ́ ẹnìkejì rẹ́, Git ò sì ní ráhùn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* kí ẹnìkan ti ilekun.blend, kí èkejì gbìyànjú láti ti òun náà. Àṣẹ náà gbọ́dọ̀ kùnà.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ rí i dájú pé ohun kan náà lẹ ń wò

Ẹ má fi ìpè fídíò ṣèdájọ́ àwọ̀. Kí àwòrán lè kọjá kíákíá, fídíò máa ń fún un pọ̀, àwọ̀ ló sì ń kọ́kọ́ jìyà: nínú ọ̀nà ìfúnpọ̀ tó wọ́pọ̀ jù, píksẹ́lì mẹ́rin ló ń pín àwọ̀ kan lò. Òjìji tó mọ́ lójú yín lè di ìlà ìlà lójú ẹnìkejì, ẹ ó sì máa bá ara yín jà lórí ohun tí kò sí. Ẹ lo ìpè láti sọ̀rọ̀. Ní ti àwọ̀, PNG ni kí ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi fáìlì, láti kámẹ́rà kan náà:

```
await RenderingServer.frame_post_draw
get_viewport().get_texture().get_image().save_png("user://ayewo.png")
```

Ẹ wo igun ọ̀tún lókè Godot. Orúkọ renderer, ohun tí Godot fi ń ya àwòrán, ló máa wà níbẹ̀: Forward+, Mobile tàbí Compatibility. Tí kọ̀ǹpútà ẹnìkan ò bá ní Vulkan (ọ̀nà tí Godot ń gbà bá káàdì àwòrán sọ̀rọ̀) tó dáa, tirẹ̀ lè jẹ́ Compatibility. SDFGI (ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà lára nǹkan) àti volumetric fog (ìkùukùu tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá) ò sí níbẹ̀. Ó lè máa tan iná kún iná kó lè tún òkùnkùn ṣe, ayé náà á sì tàn yòò lọ́dọ̀ ẹnìkejì.

Ẹ fi mìllísẹ́kọ́ńdì sọ̀rọ̀ nípa ìyára, ẹ má fi FPS (iye fíréèmù láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) sọ ọ́. Fún FPS 60, fíréèmù kan ní mìllísẹ́kọ́ńdì 16.7 péré. "Igbó mi ń jẹ 4, ìmọ́lẹ̀ rẹ ń jẹ 9" jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ lè jọ ṣírò. Ẹ pa V-Sync (ètò tó ń so ìyára eré mọ́ ti ojú kọ̀ǹpútà) kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, tí ẹ ò bá fẹ́ kí nọ́ńbà náà parọ́. Lórí kọ̀ǹpútà tí kò lágbára tó èkejì ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* PNG méjì láti commit kan náà. Ẹ ṣí wọn lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, ẹ máa pààrọ̀ wọn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá fò, renderer tàbí ètò kan yàtọ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: Tí ọwọ́ méjì bá pàdé síbẹ̀

Ó máa ṣẹlẹ̀. Ẹ má ṣí .tscn tó ní <<<<<<< nínú Godot, kò ní lè kà á; àmì tí Git fi ń sọ pé ẹ̀dà méjì takora ni. Fún .blend, ìdàpọ̀ ò sí; ọ̀kan ló máa dúró. Kí ẹ tó yàn, ẹ yọ ti ẹnìkejì sí ẹ̀gbẹ́ kan, láti Git Bash tí ẹ bá wà lórí Windows:

```
git show origin/main:orisun/ilekun.blend | git lfs smudge > ../ti-enikeji.blend
git checkout --ours orisun/ilekun.blend
```

Láìsí `git lfs smudge`, àkọsílẹ̀ kékeré yẹn nìkan ni ẹ máa rí. Nínú merge (dída ẹ̀dà méjì pọ̀), --ours ni tiyín. Nínú rebase (títún to commit yín sórí ti ẹnìkejì), ó yí padà, tiyín ni --theirs. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ilekun.blend, ẹ lo File > Append láti mú ohun tí ẹnìkejì fi kún un wọlé láti ti-enikeji.blend, ẹ fi pamọ́, ẹ add, ẹ commit.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* kí ẹnìkejì pull, kó ṣí ilekun.blend, kó fi ojú ara rẹ̀ rí object tirẹ̀ nínú Outliner. Ìgbà tó bá dáhùn pé òun ti rí i ni kí ẹ tó pa ti-enikeji.blend rẹ́.